Oògùn Gbígbémì fún Àrùn Àjogúnbá Tí Í Kó Ẹrù Jọ Sínú Ara

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ó bá ti ṣọ́ sító kòkó rí mọ̀ pé bí ẹrù bá ń wọlé lójoojúmọ́, tí kò sí ẹni tí ń kó o jáde, kò ní pẹ́ tí ilé yóò fi kún dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn àrùn kan tí ọmọ ń jogún láti ara òbí rẹ̀ rí.

Nínú sẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni àwọn ẹyọ tíntìntín tí a fi mọ ara wa, yàrá kékeré kan wà tí à ń pè ní lysosome. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù ti ń tú ohun tí ara ti lò palẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá lágbára láti ìgbà ìbí, ẹrù tirẹ̀ yóò máa ga sí i. Nínú àrùn Gaucher, ọ̀rá kan ni ń ṣẹ́ jọ: ikùn á wú, ẹ̀jẹ̀ á dín, egungun á máa ro ni. Bàbá àti ìyá lè má ṣàìsàn rárá, kí ọmọ wọn sì ní in, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ nípa àrùn fòníkú-fọ̀ladíde. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀bi rẹ̀ ru àjẹ́ tàbí ìyàwó ilé.

Ní 1991, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ́ńsáìmù tí a ń fà sí iṣan àwọn aláìsàn Gaucher ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ó ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńsáìmù tóbi, kò lè wọ inú ọpọlọ. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ fi wá oògùn tí ẹyọ rẹ̀ kéré, tí a lè gbé mì. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà.

Ọ̀nà kìíní ni kí ẹrù tí ń wọlé dín kù. Miglustat, tí ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí ní 2002, àti eliglustat, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2014, kì í jẹ́ kí ara ṣe ọ̀rá Gaucher lọ́pọ̀ jù, kí òṣìṣẹ́ aláìlera lè kápá ìwọ̀nba. Miglustat a máa fa ìgbẹ́ gbuuru. Ní 2009, Yúróòpù tún fọwọ́ sí i fún Niemann-Pick C, àrùn tí ń ba ọpọlọ jẹ́.

Ọ̀nà kejì ni kí a gbé òṣìṣẹ́ náà ró. Nínú àrùn Fabry, ẹ́ńsáìmù mìíràn a máa bàjẹ́ kí ó tó dé ibi iṣẹ́. Migalastat, tí Yúróòpù fọwọ́ sí ní 2016, ń dì í mú títí yóò fi débẹ̀. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ó wúlò fún. Irú àbùkù tí onítọ̀hún jogún ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò.

Ọ̀nà kẹta ni kí a ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Nínú àrùn cystinosis, èròjà cystine kò rí ọ̀nà jáde, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Cysteamine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1994, ń yí i padà kí ó lè gba ibòmíràn jáde. Wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà ni a ń lo irú èyí tí ó kọ́kọ́ jáde, tọ̀sán tòru.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń fa gbòǹgbò àrùn náà tu. A ní láti máa lò wọ́n lọ ni, owó wọn sì ga. Ohun tí ó ti bàjẹ́ kì í sábà padà bọ̀ sípò, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a tètè mọ̀. Bí ikùn ọmọ bá ń wú, tí egungun ń ro ó, tí kò dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì ti ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ má ṣe jẹ́ kí oògùn ibà nìkan tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ sọ ti ẹ̀gbọ́n náà fún dókítà. Ọ̀rọ̀ kan yẹn lè jẹ́ kí ó mọ ibi tí yóò wò.