Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ Aṣèwádìí: Ohun tí Iye Lè Sọ àti Ohun tí Kò Lè Sọ

Ọlọ́jà kì í fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn gbogbo ọjà. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn gàrí àti ẹ̀wà. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn aṣọ. Garawa tàbí ìgò ni wọ́n fi ń wọn epo. Kíkà ni wọ́n ń ka iṣu. Bí ẹnìkan bá sọ pé gàrí kóńgò mẹ́wàá ju aṣọ ọ̀pá márùn-ún lọ, nítorí pé mẹ́wàá ju márùn-ún lọ, àwọn ará ọjà yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Síbẹ̀, irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lè wáyé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga láìsí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín, nígbà tí ìgbìmọ̀ ìgbéga bá to orúkọ olùkọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ti olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò àti ti olùkọ́ èdè Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ó sì ń wo iye tí ó wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ipò ọ̀jọ̀gbọ́n, owó ìwádìí àti orúkọ rere ni ó rọ̀ mọ́ iye náà. Nítorí náà, ó yẹ kí tolùkọ́ takẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tí ó ti wá àti ohun tí ó ń wọ̀n.

Ìtọ́kasí àti bí kíkà rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí aṣèwádìí bá ń kọ àpilẹ̀kọ, ó di dandan fún un láti dárúkọ iṣẹ́ àwọn aṣíwájú tí ó rí nǹkan mú lò nínú wọn. Ìdárúkọ yìí ni ìtọ́kasí. Bí iṣẹ́ kan bá wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀pọ̀ ni yóò máa tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìtọ́kasí ni ìyìn. Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí iṣẹ́ kan kí wọ́n lè fi àṣìṣe inú rẹ̀ hàn ni.

Àwọn amòfin ni wọ́n kọ́kọ́ rí èrè tí ó wà nínú títo ìtọ́kasí jọ. Ní 1873, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, Frank Shepard bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe atọ́ka tí ó ń fi hàn àwọn ẹjọ́ tuntun tí wọ́n tọ́ka sí ẹjọ́ àtijọ́, kí amòfin lè mọ̀ bóyá ìdájọ́ àtijọ́ náà ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Eugene Garfield ti rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ní 1955, ó dá a lábàá nínú jọ́nà Science pé kí wọ́n ṣe irú atọ́ka bẹ́ẹ̀ fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Nígbà tí ó di 1964, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia ti gbé e jáde pẹ̀lú orúkọ Science Citation Index.

Ohun tí Garfield kọ́kọ́ ní lọ́kàn ni pé kí aṣèwádìí lè rí àwọn àpilẹ̀kọ tí ó bá tirẹ̀ tan. Wíwọn ènìyàn kọ́ ni ó dìde fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwọ̀n ipa jọ́nà, tí ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde lọ́dọọdún láti 1975. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò le: wọ́n á ka iye ìgbà tí a tọ́ka ní ọdún kan sí àwọn ohun tí jọ́nà náà tẹ̀ ní ọdún méjì tí ó ṣáájú, wọ́n á sì fi iye àpilẹ̀kọ tí ó tẹ̀ ní ọdún méjì náà pín in. Ó wúlò fún ilé-ìkàwé tí ó fẹ́ mọ jọ́nà tí ó yẹ ní rírà. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀n jọ́nà díwọ̀n àwọn tí ó ń kọ̀wé sínú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ẹwà ilé díwọ̀n ìwà àwọn tí ń gbé inú rẹ̀.

Atọ́ka h

Ní 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California ní San Diego, mú òṣùwọ̀n mìíràn wá fún aṣèwádìí fúnra rẹ̀. Ó pè é ní atọ́ka h. Kí a sọ pé olùkọ́ kan ní àpilẹ̀kọ méje, tí a ti tọ́ka sí wọn ní ìgbà 25, 14, 9, 5, 4, 2 àti 0. Mẹ́rin nínú wọn ni a ti tọ́ka sí, ó kéré tán, ní ìgbà mẹ́rin-mẹ́rin. Kò sí márùn-ún tí a tọ́ka sí ní ìgbà márùn-ún-márùn-ún. Nítorí náà, atọ́ka h olùkọ́ yìí jẹ́ 4.

Òṣùwọ̀n yìí ní làákàyè nínú. Ẹni tí ó kọ ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni kò kà kò ní rí ohunkóhun gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ hàn pẹ̀lú. Bí ìtọ́kasí 25 ti àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ bá di 2,500, 4 náà ni atọ́ka yóò ṣì jẹ́. Bákan náà, atọ́ka yìí kì í lọ sílẹ̀, nítorí náà ó ń ṣe ojúṣàájú fún àgbà ju ọ̀dọ́ lọ.

Ìdí tí ẹ̀ka ìmọ̀ kan kò fi jọ èkejì

Hirsch fúnra rẹ̀ kíyè sí i pé iye yìí kò dọ́gba láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Nínú àwọn onímọ̀ físíìsì tí ó yẹ̀ wò, Edward Witten ni atọ́ka rẹ̀ ga jù, 110. Nínú àwọn onímọ̀ ohun ẹlẹ́mìí, Solomon Snyder ni, 191. Witten yìí kan náà ni ó gba ẹ̀yẹ Fields ní 1990, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin 110 àti 191 kò sọ ẹni tí ó gbọ́n jù. Ìṣe ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó fara hàn níbẹ̀.

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé àwọn tí ó wà nínú ẹ̀ka kan lè pọ̀ ju ti èkejì lọ, kí ìwé tí wọ́n ń tọ́ka sí nínú àpilẹ̀kọ kan sì pọ̀ jù pẹ̀lú. Èkejì ni àkókò. Àpilẹ̀kọ ìṣègùn lè gba ọ̀pọ̀ ìtọ́kasí láàrin ọdún méjì. Ti ìṣirò tàbí ti ìtàn lè sùn fún ogún ọdún kí wọ́n tó jí i. Ẹ̀kẹta ni iye àwọn tí ó jọ ń kọ̀wé. Ní 2015, àwọn onímọ̀ físíìsì tí ó lé ní 5,000 fọwọ́ sí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo lórí ìwọ̀n ègé Higgs, nígbà tí ó jẹ́ pé onímọ̀ lítíréṣọ̀ sábà máa ń dá kọ̀wé ni. Ẹ̀kẹrin ni irú iṣẹ́. Àpilẹ̀kọ tí Oliver Lowry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 1951 lórí bí a ṣe ń wọn púrótéènì ti gba ìtọ́kasí tí ó lé ní 300,000 nígbà tí ó fi di 2014. Ọ̀nà ìṣiṣẹ́ ni ó kọ́ni, gbogbo ẹni tí ó bá sì lò ó ni ó ń dárúkọ rẹ̀. Àpilẹ̀kọ Watson àti Crick lórí bí DNA ṣe rí, tí ó yí ìmọ̀ padà ní 1953, kò sí lára ọgọ́rùn-ún tí ó gba ìtọ́kasí jù lọ nígbà náà.

Ìdí karùn-ún kan ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Jọ́nà ni atọ́ka Philadelphia kọ́kọ́ ń kà, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìwé ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè àti àṣà fi ń sọ ti ẹnu wọn. Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá tí Wándé Abímbọ́lá tẹ̀ jáde ní 1968 jẹ́ ìwé tí a fi èdè Yorùbá kọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tọ́ka sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ àbọ̀ ìwádìí tí ó wà lórí pẹpẹ ilé-ìkàwé ní Ifẹ̀ tàbí ní Ìbàdàn, ẹni tí ń kà á ní òkè òkun kò lè rí i. Òdo tí ó bá ti ibẹ̀ jáde kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò ka ìwé náà. Ó kàn ń sọ ibi tí ojú òǹkà mọ ni.

Àtúnṣe tí àwọn onímọ̀ ṣe

Ọ̀nà kan tí wọ́n gbà ń tún un ṣe ni pé kí wọ́n fi ìpíndọ́gba ẹ̀ka àti ọdún kan náà pín ìtọ́kasí àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan. Fún àpẹẹrẹ, bí a bá tọ́ka sí àpilẹ̀kọ ìṣirò ní ìgbà 6, tí ìpíndọ́gba ẹ̀ka rẹ̀ jẹ́ 3, 2 ni yóò gbà. Bí a bá tọ́ka sí ti ìṣègùn ní ìgbà 20, tí ìpíndọ́gba ẹ̀ka tirẹ̀ náà jẹ́ 20, 1 ni yóò gbà. Ẹni tí ó dà bí aláìní tẹ́lẹ̀ ti wá di ẹni iwájú. Àtúnṣe yìí dára, ṣùgbọ́n kò lè ran ẹ̀ka tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú àkójọ lọ́wọ́, nítorí pé kò sí ohun tí wọn yóò pín.

Àwọn kan ń jà fún kíkà iye. Wọ́n ní bí kò bá sí iye, ojúsàájú, ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni yóò máa yan ọ̀jọ̀gbọ́n. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, a kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn mìíràn dáhùn pé iye náà ní àrékérekè tirẹ̀: ẹlòmíràn a gé iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ kí ó lè di àpilẹ̀kọ mẹ́rin, ẹlòmíràn a máa tọ́ka sí ara rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ a sì máa tọ́ka sí ara wọn. Peter Higgs, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti 1964 mú kí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2013, kò kọ tó àpilẹ̀kọ mẹ́wàá lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ sọ ní 2013 pé òun kò rò pé yunifásítì kankan yóò gba òun síṣẹ́ lóde òní.

Nítorí irú èyí ni àwọn onímọ̀ tí ó pàdé ní San Francisco ní 2012 ṣe kọ ìkéde pé kí a má ṣe fi ìwọ̀n ipa jọ́nà díwọ̀n ènìyàn. Ní 2015, ìlànà mẹ́wàá tí a sọ lórúkọ ìlú Leiden jáde. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn ni pé kí iye máa ti ìdájọ́ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ lẹ́yìn, kí ó má ṣe gba ipò rẹ̀. Òmíràn ni pé kí a dáàbò bo ìwádìí tí ó ṣe pàtàkì fún àwọn ará ibi tí a ti ṣe é, àní bí kì í bá ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́.

Fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ ní bíbi nígbàkígbà tí a bá gbé iye kan kalẹ̀. Ta ni ó ka iye yìí, inú àkójọ wo ni ó sì ti kà á? Ẹ̀ka ìmọ̀ wo ni iṣẹ́ náà wà, kí sì ni ìpíndọ́gba rẹ̀ níbẹ̀? Ọdún mélòó ni iṣẹ́ náà ti wà lóde? Èyí tí ó ṣe kókó jù lọ ni ti ìkẹyìn: nínú àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìdájọ́, ta ni ó ti ka iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀? Bí kò bá sí ẹnìkan tí ó lè dáhùn èyí, ìgbìmọ̀ náà kò tíì wọn ohunkóhun. Kóńgò lásán ni wọ́n gbé dání.