Ìdíje Ọkọ̀ Onígbòkun Ní Èkó: Ohun Tó Yẹ Kí Àlejò Mọ̀

Ọ̀sà Èkó ni ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, ti ń ṣe ìdíje ọkọ̀ onígbòkun. Omi ibẹ̀ ló yẹ kí àlejò kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa: ó ń wọlé láti inú òkun, ó sì ń padà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bó bá ń padà tagbáratagbára, tí atẹ́gùn sì rọlẹ̀, ó lè gbé ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì lọ sójú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Àpápá. Wọn kò lè tètè dúró. Ọkọ̀ kékeré ni kó yà. Kí àlejò bi àwọn onílé ní àsìkò tí omi máa yí padà, kó sì wọ ẹ̀wù amúniléfòó. Ní ti bí ìdíje ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 5 ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ń ta àsíá àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ń fun fèrè pẹ̀lú rẹ̀. Àsíá yìí ni òfin ìdíje kà sí, kódà bí fèrè kò bá dún.