Kì í Ṣe Gbogbo Òòyì Ni Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ẹjọ́ kan náà ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí ẹ ń kọ sí mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹnì kan yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn láàárọ̀, àjà ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó sáré lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n sì kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lé e lọ́wọ́ láìwọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rárá. Ó ń bí mi nínú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ga, tó wá ń lo oògùn tó ń fà á wálẹ̀, lè dìde lójijì kó sì ṣubú lulẹ̀.

Pé ojú àti ẹsẹ̀ ló ń jẹ́ ká lè dúró, ẹ ti mọ ìyẹn. Inú etí ni ẹ̀kẹta wọn wà, òun ni ẹ kì í kà sí. Kì í ṣe ibi tí ẹ máa ń ti ọ̀wú bọ̀ ni mò ń wí. Ó jìn kọjá ìlù etí, inú eegun agbárí ló sá pamọ́ sí.

Ihò tín-ín-rín mẹ́ta tó tẹ̀ kọrọdọ ló wà níbẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan, omi sì kún inú wọn. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọjú sí, kò síbi tí orí lè yí sí tí wọn ò ní mọ̀. Ẹ bu omi sínú igbá, kí ẹ yí igbá náà lójijì: igbá á yí, omi á kọ́kọ́ dúró síbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti inú etí. Bí orí bá yí, omi á kù sẹ́yìn, á ti àwọ̀ kan tó dí ihò náà, irun wẹ́wẹ́ tó wọnú àwọ̀ ọ̀hún á tẹ̀, ọpọlọ á sì gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ń pòòyì tó pẹ́ díẹ̀, omi á bá a yí lọ. Nígbà tí ọmọ bá dúró, omi kò tíì dúró. Irun á tẹ̀ sí òdìkejì, ọpọlọ á máa rò pé wọ́n ṣì ń yí òun.

Robert Bárány, dókítà etí ní Vienna, ṣàkíyèsí pé bí omi tí òun fi ń fọ etí aláìsàn bá tutù tàbí tó gbóná ju ara lọ, òòyì á kọ́ onítọ̀hún, ẹyinjú rẹ̀ á sì máa já sí ẹ̀gbẹ́ kan. Omi náà ló ń ru omi inú etí. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ti 1914 lórí iṣẹ́ yìí.

Kí ló wá kan ẹyinjú? Ẹ mú ìwé ìròyìn yìí dání, kí ẹ gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì kíákíá: ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á dàrú. Ẹ wá dá ìwé dúró, kí ẹ mi orí bákan náà: ẹ ó rí i kà. Etí ló ń darí ẹyinjú sí òdìkejì ibi tí orí ń lọ.

Àpò kékeré méjì tún wà lẹ́bàá àwọn ihò náà. Òkúta wẹ́wẹ́ wà lórí irun inú wọn, ohun tí èèpo ẹyin fi le náà ló wà lára òkúta ọ̀hún. Àwọn ló ń jẹ́ ká mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, tàbí bí èèyàn bá forí gbá nǹkan, díẹ̀ nínú òkúta náà lè já bọ́ sínú ihò olómi. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí òòyì ń kọ́ tí ẹ bá yíra padà lórí ibùsùn nìyẹn, kì í sì í sábà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kò sí oògùn tàbí àgbo tó lè kó òkúta kúrò níbẹ̀. Dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe á dá yín dùbúlẹ̀, á máa yí orí yín díẹ̀díẹ̀ títí òkúta á fi padà sínú àpò. John Epley, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ìlànà yẹn kalẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ti ẹsẹ̀ àti ọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ká mi lára ju ìyẹn lọ. Gentamicin tí àwọn kan ń gún fún gbogbo ibà àti gbogbo inú rírun lè pa irun inú etí yìí. Streptomycin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí irun náà bá kú lára èèyàn, kì í hù padà. Dókítà kan tí streptomycin ṣe báyìí kọ nípa ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1952: kò lè kàwé lórí ibùsùn, nítorí lílù ọkàn rẹ̀ ń mi orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń fò lójú ìwé. Ó ní láti fi orí há irin ibùsùn kó tó rí i kà. Oògùn wọ̀nyí ń gba ẹ̀mí là níbi tí wọ́n ti ń wọn èèyàn, tí wọ́n ń yẹ kíndìnrín wò, tí wọ́n sì mọ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n dá a dúró. Ẹni tí kò ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ má jẹ́ kó gún un fún yín. Bí ẹ bá sì ń gbà á lọ́wọ́, tí ẹsẹ̀ yín kò dúró dáadáa mọ́ nínú òkùnkùn, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó gba èyí tó kù.

Bí òòyì bá dé, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tàbí tí ojú ń rí nǹkan kan ní méjì, rọpárọsẹ̀ lè ni. Ọsibítù ni kí ẹ gbé onítọ̀hún lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbé e gba kẹ́míìsì, ẹ má sì gbé e gba ilé àdúrà kọ́kọ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò sì le tó bẹ́ẹ̀, kó má gun àkàbà, kó má gun ọ̀kadà, kó má sì wa mọ́tò títí dókítà á fi yẹ̀ ẹ́ wò.