Fọ́tò Jupiter Tí Mo Yà Lẹ́yìnkùlé Wa

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí. Mo ya fọ́tò Jupiter, ṣùgbọ́n ọmọ kíláàsì mi kan sọ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti jí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe yà á, kí n sì sọ bí mo ṣe fi hàn án pé tèmi ni.

Tẹlisikóòpù wa kì í ṣe olówó ńlá, àlòkù ni Dádì rà. Dígí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 130, òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Lẹ́ńsì kékeré tí a ń fojú wò ló ń sọ àwòrán di ńlá. Fóònù Mọ́mì ni kámẹ́rà mi. Mo fi irin kékeré kan dè é mọ́ lẹ́ńsì kí ó má baà mì. Iná pọ̀ ní àdúgbò wa lóòótọ́, àmọ́ Jupiter mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ alẹ́ lọ.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù funfun lásán ni mo rí, bíi gílóòbù iná! Àṣìṣe mẹ́ta ni mo ṣe.

Àkọ́kọ́, fóònù rí òkùnkùn tó pọ̀, ó wá sọ ìmọ́lẹ̀ di púpọ̀ jù. Ní báyìí, mo máa ń fìka tẹ Jupiter lójú fóònù, màá wá fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí ìlà méjì á fi hàn lára rẹ̀. Ìkùukùu ni àwọn ìlà yẹn.

Èkejì, inú ilé tó gbóná ni mo ti gbé tẹlisikóòpù jáde. Atẹ́gùn gbígbóná inú rẹ̀ ń mú kí àwòrán máa mì, bí ìgbà tí èèyàn ń wo nǹkan láti ẹ̀yìn ìkòkò tó ń hó. Ẹ gbé e síta fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó kọ́kọ́ tutù.

Ẹ̀kẹta, fọ́tò kan ṣoṣo ni mo yà. Fídíò ìṣẹ́jú kan ló dáa jù. Fóònù ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà ìṣẹ́jú kan jẹ́ 1,800. Sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ AutoStakkert á ṣa àwọn tó dáa jù, á tò wọ́n léra, á sọ wọ́n di ọ̀kan. Ó dà bí ìgbà tí Mọ́mì bá ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ má jẹ́ kí fídíò gùn jù, torí Jupiter ń yí kíákíá. Kò tó wákàtí mẹ́wàá tó fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí ọmọ yẹn pè mí ní olè, ó dùn mí gan-an. Mo délé, mo tún wo fọ́tò bọ́ọ̀lù funfun tí mo fẹ́ parẹ́. Àmì kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Òṣùpá Jupiter ni wọ́n. Ní 1610, Galileo ará Ítálì rí mẹ́rin: Io, Europa, Ganymede àti Callisto. Kò ní kámẹ́rà, ọwọ́ ló fi yà wọ́n, ó sì rí i pé wọ́n ń sún kiri lálaalẹ́. Io nìkan ń yí Jupiter po ní bíi wákàtí 42.

Mo wá ya fọ́tò tó mọ́lẹ̀ jù yẹn lálẹ́ Friday àti Saturday, mo kọ aago sí i. Lọ́jọ́ Monday, tíṣà wa ṣí Stellarium, tó ń fi ibi tí àwọn òṣùpá wà hàn. Alẹ́ méjèèjì bára mu pẹ̀lú fọ́tò mi! Ọmọ yẹn ní, "Má bínú." Ó tún béèrè bóyá òun lè wá wò ó nílé wa.

Fọ́tò mi kéré, kò sì mọ́ bíi ti NASA, àmọ́ tèmi ni. Àgùàlà, tí àwọn àgbà wa ní ó ń bá òṣùpá rìn, ni màá yà tẹ̀lé e. Ẹ̀yin náà, ẹ gbìyànjú ẹ̀. Ẹ má kàn kọjú tẹlisikóòpù sí oòrùn láéláé o, ó lè fọ́ni lójú.