Ẹ̀yin alásè, ẹ ṣírò owó kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ọ̀pọ̀ alásè ayẹyẹ ló mọ oúnjẹ sè débi pé àwọn àlejò á máa pọ́n ọwọ́ lá, síbẹ̀ tí èrè kì í kù sí wọn lọ́wọ́. Ìṣírò wọn ni kò pé.

Ẹ jẹ́ ká ní alásè kan fẹ́ dáná fún ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ìrẹsì, ẹran, ata àti òróró gba N200,000. Ó wá dá N2,500 lé abọ́ kan, ó lérò pé òun yóò jèrè N50,000. Ṣùgbọ́n kò ka owó àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, N40,000, gáàsì, N15,000, àti ọkọ̀, N25,000. Abọ́ kan ti ná an ní N2,800. Àṣé N30,000 ló ti àpò ara rẹ̀ jáde!

Ohun kejì ni àsansílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ fò sókè lójijì, ọjà náà sì gbówó lórí. Alásè tó ti dá iye sílẹ̀ láìgba àsansílẹ̀ ló fara gbá a. Nítorí náà, ẹ gba owó ọjà ṣáájú, kí ẹ tètè ra ìrẹsì àti òróró pamọ́.

Bí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ bá ní kẹ́ ẹ ṣe òun lóore, nínú èrè yín ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́, kì í ṣe nínú owó ọjà.