Bí ọ̀dọ́kùnrin Osi bá fẹ́ràn ọkùnrin bíi tiẹ̀: ohun tí òfin sọ, àti èyí tí kò sọ

Ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo gbé wá lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èdè. Ní Yorùbá, èèyàn lè ròyìn olólùfẹ́ ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹni tó ń gbọ́ má mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. "Ó pè mí lánàá, ó ní àárò mi ń sọ òun." Fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kíyè sí i pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin bíi tòun lọkàn òun ń fà sí, ibi ìsápamọ́ ni "ó" yẹn. Àmọ́ tó bá wá ń wá orúkọ ohun tó ń ṣe é, èébú ló máa kọ́kọ́ bá pàdé. Èyí tí àwa oníròyìn ń lò, "akọ sí akọ, abo sí abo", bí ẹni ń ka ewúrẹ́ ló rí létí.

Ní Osi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara, ọ̀rọ̀ náà le ju ti Èkó lọ. Ní Èkó, o lè gbé ilé kan fún ọdún 5 kí aládùúgbò má mọ orúkọ ẹ. Ní ìlú kékeré, kóo tó dé ọjà, o ti kí ogún èèyàn, wọ́n sì mọ ẹni tó bí bàbá ẹ. Tóo bá wálé ọdún, ìbéèrè wọn ò ju ẹyọ kan lọ: "Ìgbà wo la máa jẹ ìrẹsì ẹ?"

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé orí fóònù lọ̀pọ̀ ti ń rí ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ fún wọn pé "èmi náà rí bẹ́ẹ̀." Ibẹ̀ náà làwọn oníjìbìtì ń dẹ pańpẹ́ sí. "Kito" ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan á lo fọ́tò tí kì í ṣe tiẹ̀, á fi ọ̀rọ̀ dídùn fa ojú ẹ mọ́ra, á ní kóo wá kí òun. Tóo bá débẹ̀, àwọn mìíràn á já wọlé. Wọ́n á nà ẹ́, wọ́n á bọ́ ẹ síhòhò, wọ́n á ká fídíò, wọ́n á ní kóo fowó ránṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fídíò á dé fóònù bàbá ẹ. Wọ́n á tún fi kún un pé: "Tóo bá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ìwọ gan-an lo máa ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14."

Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ ká wo òfin náà.

Àkọ́kọ́ ni Penal Code. Yorùbá ni Osi, àmọ́ abẹ́ àríwá ni Kwara wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ìwé òfin tí wọ́n ṣe fún àríwá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1960, ló ń tẹ̀ lé. Abala 284 sọ pé ìbálòpọ̀ tó "lòdì sí ìṣẹ̀dá" lè gba ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 14 àti owó ìtanràn. Ẹ kíyè sí i: ìbálòpọ̀ ló sọ, kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Kì í sì í ṣe àwọn baba ńlá wa ló kọ ọ́. Sudan ni wọ́n ti mú àwòkọ ìwé òfin náà wá, Sudan sì wo ti Íńdíà, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1860. Ní September 6, 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà ní kò kan àwọn àgbàlagbà tó bá jọ gbà fúnra wọn mọ́. Tiwa ṣì wà níbẹ̀.

Èkejì ni òfin tí Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní January 7, 2014. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún àwọn tó bá ṣègbéyàwó. Ọdún 10 ni fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú ẹ̀ sílẹ̀ tàbí tó bá wọn ṣe é, tàbí tó bá fi ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ní tààrà tàbí ní ẹ̀bùrú.

Nínú méjèèjì, kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n ti èèyàn mọ́lé nítorí ẹni tí ọkàn ẹ̀ yàn, tàbí nítorí pé ó finú han ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Àmọ́ mi ò ní tàn yín: "ní ẹ̀bùrú" yẹn, ó ṣeé fà gùn bíi rọ́bà. Ní August 2018, ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, l'Ékòó. Wọ́n gbé 47 lọ sílé ẹjọ́ pé wọ́n fìfẹ́ hàn ní gbangba. Ní October 2020, Adájọ́ Rilwan Aikawa wọ́gi lé ẹjọ́ náà torí pé ìjọba ò tẹpẹlẹ mọ́ ọn. Ọdún méjì ti lọ, fọ́tò wọn sì ti wà níta.

Ohun tí oníkito ò ní sọ fún ẹ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí òun gan-an ń ṣe. Penal Code kan náà fìyà sí fífi ẹ̀rù gbowó lọ́wọ́ èèyàn. Òfin Cybercrimes ti ọdún 2015 náà fìyà sí ẹni tó bá fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà halẹ̀ láti ba èèyàn lórúkọ jẹ́ kó lè gbowó.

Nítorí náà, tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ, má pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lórí fóònù ẹ. Pa nọ́ńbà, àkáǹtì àti déètì mọ́. Tóo bá sanwó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á padà wá. Wá ẹnì kan tó ṣeé finú hàn, má sì dá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá; mú agbẹjọ́rò dání. Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò. Tí wọ́n bá sì mú ẹ, abala 35 nínú ìwé òfin 1999 fún ẹ láyè láti má sọ nǹkan kan títí wàá fi rí agbẹjọ́rò. Ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé ẹ dé ilé ẹjọ́ tí ọ̀kan bá wà láàrin kìlómítà 40. Tí kò bá sí, ọjọ́ méjì, àyàfi tí ilé ẹjọ́ bá fi kún un.

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni yí ìgbàgbọ́ ẹ̀ padà. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú WhatsApp mọ̀lẹ́bí àti ti ọmọ ìlú, ẹ gbọ́ o: ọjọ́ tí fídíò ọmọ ẹnì kan bá wọlé sórí fóònù yín, ẹ má fi ránṣẹ́ síwájú. Ẹ pa á rẹ́, kẹ́ ẹ wá pe ọmọ náà, kẹ́ ẹ bi í bóyá ó wà ní àlàáfíà.