Ará Kánò ni wá, àbí àlejò?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí máa ń dé gbogbo ilé lọ́jọ́ tí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tàbí tó ń wá iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù fún un, wọ́n á ní kó kọ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí a bí sí Sabon Gari, tó kàwé níbẹ̀, tó ń sọ Hausa bí ẹni mu omi, á wá máa wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá á ní kó kọ Ọ̀yọ́. Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà lè má tíì fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí.

Àwọn baba wa ti ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tipẹ́. Ará ìlú ni ẹni tó ń gbé ìlú, tí ayọ̀ àti ọ̀fọ̀ ibẹ̀ kàn. Ọmọ ìlú ni ẹni tí ìran rẹ̀ ti ibẹ̀ ṣẹ̀. Bó bá ní ọmọ Ìbàdàn lòun, agboolé rẹ̀ ni ẹ ó bi í. Àlejò yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Òun ni à ń bu omi fún, tí a sì mọ̀ pé yóò padà lọ. Àwọn Hausa náà ní tiwọn: “dan gari” ni ọmọ ìlú, “bako” sì ni àlejò.

Ìbéèrè wa nìyí: ọdún mélòó ni àlejò fi ń jẹ́ àlejò? Ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní ọdún 1911. Kò pẹ́ sí i ni àwọn òyìnbó ya Sabon Gari sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn tó wá láti ìhà gúúsù. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni “ìlú tuntun”. Ìlú tuntun ọ̀hún ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún! Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé pàápàá, àwọn Yorùbá ti wà nínú odi ní àdúgbò Ayagi. Lónìí, Hausa ni àwọn ọmọ wọn ń sọ. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ.

Kí ni òfin wá sọ? Abala 318 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ọmọ ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀, tàbí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òbí-àgbà rẹ̀, bá jẹ́ ara ìran onílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Kò ka iye ọdún tí èèyàn ti gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á o: kò ní bàbá nìkan. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti Ọ̀fà wá, tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá-ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Kánò, ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ọmọ Kánò, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Abala 15 tún ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ olùgbé ní kíkún níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, àmọ́ ó wà lára àwọn tí ilé ẹjọ́ kì í sábà lè fi agbára mú ìjọba ṣe.

Kí a tó dá ẹlòmíràn lẹ́bi ṣá, ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Láti ọdún 1916 ni Sábó ti wà fún àwọn Hausa ní Ìbàdàn. Orúkọ kan náà ni. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ lè mọ òwe ju ọmọ tiwa tó wà ní Kánò lọ, síbẹ̀ Gàm̀bàrí là ń pè é. Bó bá ní òun fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ Ọ̀yọ́, a óò bi í níbi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Ohun tó ń dun àwa níhìn-ín ló ń dun òun lọ́hùn-ún.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má dúró di ọjọ́ fọ́ọ̀mù. Ẹ mú ọmọ lọ sílé nígbà ọdún, kó mọ agboolé rẹ̀, kó sì gba ìwé ẹ̀rí ní ìjọba ìbílẹ̀ tó tọ́ sí i. Ẹ má ra ayédèrú o. Bí wọ́n bá sì bi í níbi tó ti wá, ẹ kọ́ ọ kó dáhùn pé, “Ará Kánò ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí.” Kò sí irọ́ nínú méjèèjì. Ẹni tí sàárè bàbá-bàbá rẹ̀ wà ní Kánò, ẹ má pè é ní àlejò mọ́, kí òun náà má sì pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.